Ẹsẹ̀ Àga Ìyá Wòlíì

Káfíńtà tó bá ní òun kò gé igi kúrú rí, irọ́ ló ń pa. Èmi náà ti gé e kúrú, mi ò lè ka iye ìgbà. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí, gígùn ni, kì í ṣe kíkúrú, ó sì ku díẹ̀ kó lé àgbàlagbà obìnrin kan kúrò nílé ọkọ rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Òde-Ayé, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Okitipupa. Hàwáù ìyàwó mi ń ta epo pupa níwájú, èmi ń gé pákó lẹ́yìn. Eruku igi mi kì í jẹ́ kó ráyè ṣí kẹ́ẹ̀gì epo, ẹnu tirẹ̀ náà kì í sì jẹ́ kí n gbọ́ ìró ayùn mi. Ó ti lé lógún ọdún tí a ti ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ọwọ́ Màmúdù mọ́ nínú iṣẹ́, wọ́n sì mọ̀ pé inú rẹ̀ ń tètè bí. Ẹni tó bá fẹ́ ọwọ́ mi, á fara da ẹnu mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan dúró níwájú wa. Àga ńlá kan ló kún inú rẹ̀, Ìyá Wòlíì sì há sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n di apá àga náà mú bí ẹni pé ó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ sá lọ. Opó Wòlíì Adébọ́lá ni wọ́n, ẹni tó sọ pálọ̀ ara rẹ̀ di ilé àdúrà aláṣọ funfun nígbà ayé rẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta tí Wòlíì ti kú, ìyá náà ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó ń bọ̀: aboyún, ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Èmi àti oníkẹ̀kẹ́ la jọ fà wọ́n sọ̀ kalẹ̀.

Mo wo àga náà, ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Igi rẹ̀ lókè dára, iṣẹ́ àtijọ́ ni, apá rẹ̀ ń dán níbi tí ọwọ́ ti ń gbá a mú lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ó dà bí àga tó wà lórí ìkúnlẹ̀.

Mo ní, “Ìyá, ta ló ṣe àga báyìí?”

Wọ́n ní, “Ikán àti Wòlíì ni.”

Wọ́n wá ṣàlàyé. Ikán ló máa ń jẹ ìdí ẹsẹ̀ àga náà. Bó bá ti jẹ ẹ́, Wòlíì á mú ayùn, á gé ibi tó jẹ kúrò, á sì gé mẹ́ta yòókù kí wọ́n lè dọ́gba. Ikán jẹ, ó gé. Ikán tún jẹ, ó tún gé. Ogójì ọdún ni òun àti ikán fi ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Wòlíì ní, “Bí àga ṣe ń lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orúnkún mi ń le. Nígbà tó wà láyé, òun ló ń fà mí dìde. Ní báyìí, kò sí ẹni tó ń fà mí.”

Mo ní kí wọ́n máa jókòó sórí àga rọ́bà, ṣebí ó wà ní gbogbo ilé. Wọ́n ní ó ti yẹ̀ lábẹ́ àwọn lẹ́ẹ̀kan, àwọn sì ṣubú, àwọn kò tún jókòó lórí ohun tó ń gbọ̀n mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tó gbé wọn wá gan-an.

Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Abọ́sẹ̀dé, olùkọ́ ni ní Ìbàdàn. Ó wá kí wọn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó bá ìyá rẹ̀ lórí àga, ibẹ̀ ni wọ́n ti wà láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán gangan. Wọ́n ti gbé ẹ̀wà kaná kí wọ́n tó jókòó láti sinmi díẹ̀, wọn ò sì lè dìde mọ́. Wọ́n ké títí, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ẹ̀wà ti di èédú, èéfín ti kún ilé ìdáná. Abọ́sẹ̀dé paná, ó fa ìyá rẹ̀ dìde, ó sì bú sẹ́kún.

Ìyá Wòlíì ní, “Ó ní kí n kó ẹrù. Mo ní mi ò lọ. Bí mo bá kúrò ní ulé mi, ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó ń bọ̀? A fa ọ̀rọ̀ náà títí, la bá dé iwájú pẹpẹ. A tan àbẹ́là, a jọ ṣèlérí. Bó bá dé ní Sátidé yìí, tí mo bá dìde lórí àga yìí fúnra mi, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni, á fi mí sílẹ̀ nínú ilé mi, kò sì ní sọ ọ́ mọ́. Bí mi ò bá lè dìde, mo máa tẹ̀lé e lọ sí Ìbàdàn, ibẹ̀ ni mo máa wà títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ìlérí iwájú pẹpẹ kì í yẹ̀ lọ́dọ̀ wa, Màmúdù. Fi ẹsẹ̀ sí àga mi.”

Ẹnu mi, bí ẹnu mi. Mo ní, “Ìyá, ẹ̀yin sì ń bẹ̀rù? Ní Sátidé, ẹ máa fò dìde bí ọmọ ogún ọdún!”

Hàwáù kígbe láti ìdí epo rẹ̀: “Màmúdù, sọ ìn-ṣáà-Àllà sí i!”

Mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi kí n tó sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àga kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bí àga bá kúrú jù, orúnkún nìkan ló máa gbé gbogbo ara. Bó bá sì ga jù, àtẹ́lẹsẹ̀ kò ní kanlẹ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá kanlẹ̀ kò ní ohun tó máa tẹ̀ dìde. Láti ẹ̀yìn orúnkún dé ilẹ̀ la ń wọ̀n. Mo gbé Ìyá Wòlíì jókòó sórí bẹ́ńṣì. Wọn kò ga rárá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kanlẹ̀ dáadáa nínú bàtà dúdú onísàlẹ̀ kíki tí wọ́n wọ̀ jáde. Mo na téèpù, mo kọ iye rẹ̀ sára ògiri, mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kejì kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ọwọ́ mi kì í ṣe ọwọ́ wàràwàrà.

Mo yọ kùkùté ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí Wòlíì fi sílẹ̀. Mo ní igi ìrókò kan tó ti ń gbẹ ní àjà ṣọ́ọ̀bù láti ọdún mẹ́jọ, tí mo ń tọ́jú de oníbàárà ńlá kan láti Okitipupa tí kò padà wá. Òun ni mo sọ̀ kalẹ̀. Mo gbẹ́ ahọ́n sí orí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo gbẹ́ ihò tí ahọ́n náà máa wọ̀, mo fi gọ́ọ̀mù sí i, mo kàn án wọlé. Mi ò lo ìṣó kan ṣoṣo. Mo wá ri ìdí wọn sínú epo ẹ́ńjìnnì dúdú, kí ikán tó bá tún wá lè bínú padà sílé rẹ̀. Nígbà tí mo dé láti ìrun Jímọ̀, mo fi fáníìṣì pa á. Hàwáù jókòó sórí rẹ̀, ó dìde, ó tún jókòó, ó ní ó wu òun kí n gbé e wọlé fún òun. Hàwáù ga, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga jù mí lọ. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ ni mo wọ̀n.

Òwúrọ̀ Sátidé ni mo gbé àga náà dé ilé Ìyá Wòlíì. Mo bọ́ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, nítorí kò sẹ́ni tó ń wọ bàtà wọ pálọ̀ yẹn, èmi Mùsùlùmí náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Pẹpẹ wà ní igun, wọ́n ta aṣọ funfun bò ó. Ilẹ̀ tutù, ó mọ́, òórùn àbẹ́là sì wà nínú ilé. Ìyá Wòlíì ti múra, wọ́n wọ aṣọ funfun wọn. Wọ́n fọwọ́ pa ẹsẹ̀ àga náà, wọ́n ní, “Wòlíì ì bá rí i.” Inú mi dùn dé ọ̀fun.

Wọ́n jókòó. Wọ́n gbá apá àga mú, wọ́n tẹ ara síwájú. Kò ṣeé ṣe. Wọ́n sinmi, wọ́n tún gbìyànjú. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn ń wá ilẹ̀, gìgísẹ̀ wọn wà lókè. Wọ́n tún tẹ ara síwájú lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n yọ̀ padà sẹ́yìn. Òógùn bo iwájú orí wọn.

Ẹ wá wo inú mi bó ṣe ru. Mi ò bínú sí ara mi, mo bínú sí àgbàlagbà. Mo ní, “Ẹ tì í, Ìyá! Ẹ fi agbára sí i! Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ohun tó ṣe àga yìí! Ẹ̀yin ni ẹ ò gbìyànjú!”

“Bọ̀dá Màmúdù.”

Mo yíjú padà. Abọ́sẹ̀dé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi bàtà rẹ̀ dání. Ọ̀sán la ń retí rẹ̀, àṣé ọkọ̀ àkọ́kọ́ ló wọ̀. Mi ò mọ ìgbà tó ti ń wò wá.

Ó ní, “Ó tó. Ẹ má jágbe mọ́ wọn mọ́. Ẹ ṣeun.”

Kò pariwo, ìyẹn ló dùn mí jù. Ó gbé bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀. Ìyá Wòlíì gbé ọwọ́ lé e lórí. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò yí padà.

“Ìlérí ni ìlérí, ọma mi. Bá mi kó aṣọ funfun mi sókè àpò, kó má baà rún.”

Abọ́sẹ̀dé wọ yàrá lọ. Mo gbọ́ tó fa àpótí jáde lábẹ́ ibùsùn. Ojú tì mí, ó tì mí gan-an. Àwọn àgbà ní ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, èmi sì nìyí, ìyá tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni mo ń bínú sí. Mo jáde láìkí ẹnikẹ́ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láti wọ bàtà mi. Bàtà mẹ́ta ló wà níbẹ̀: sálúbàtà mi, bàtà ìrìn àjò Abọ́sẹ̀dé, àti bàtà dúdú kan tí ẹrẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣì lẹ̀ mọ́. Mo mọ bàtà dúdú yẹn. Mo gbé e. Mo fi ìka mi wọn ìsàlẹ̀ rẹ̀: ìka kan, ìka kejì, ìka kẹta kò kù ju díẹ̀ lọ.

Mo jókòó sílẹ̀ gbàá. Bàtà ni mo wọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù, mi ò wọn ènìyàn. Ìyá tí wọn kò fi bàtà tẹ pálọ̀ wọn láti ogójì ọdún, mo lọ kan ẹsẹ̀ àga fún wọn tó bá bàtà mu. Èmi tí mo ń bọ́ bàtà nígbà márùn-ún lójúmọ́ láti kírun!

Mo gbé bàtà náà, mo sáré wọlé. Abọ́sẹ̀dé ti gbé àpótí dé pálọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ láàárín ilé, bàtà ṣì wà lọ́wọ́ mi lókè.

Mo ní, “Ẹ̀bi mi ni. Kì í ṣe orúnkún wọn. Ẹ wo ìsàlẹ̀ bàtà yìí. Bó ṣe ki tó yìí ni àga yìí fi ga jù. Ẹ jẹ́ kí n gé e.”

Abọ́sẹ̀dé ní, “Bọ̀dá, mo ti dé. Wọn ò dìde. Ohun tí a bá pẹpẹ sọ nìyẹn.” Omi wà lójú rẹ̀. Mo rí i pé kò dùn mọ́ ọn pé òun ló borí.

“Ẹ kàn fi ìka yín wọ̀n ọ́n.”

Ó gba bàtà náà. Ó yí i padà, ó wò ó pẹ́. Ó wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ tó ń fì, kò kanlẹ̀.

Ó ní, “Èmi ni mo rà á fún wọn. Mo ní kí oníbàtà fún mi ní èyí tó ki nísàlẹ̀, kí òkúta má baà gún wọn.” Ó gbé bàtà náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. “Ẹ gé e. Ṣùgbọ́n bí mo bá kó ẹrù tán tí ẹ ò tíì ṣe tán, a ń lọ.”

A jọ gbé Ìyá Wòlíì sórí bẹ́ńṣì àwọn tó ń wá gbàdúrà. Ayùn kékeré kì í kúrò nínú àpò mi, ṣùgbọ́n téèpù wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo fa ọwọ̀ kan tó le yọ nínú ìgbálẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ wọn. Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn gbòòrò, gìgísẹ̀ wọn ti sán, ó sì kan ilẹ̀ pẹlẹbẹ. Mo na ọwọ̀ náà láti ilẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún, mo dá a síbẹ̀.

Mo ní, “Ìyá, ẹ dárí jì mí. Mo jágbe mọ́ yín.”

Wọ́n ní, “Orúnkún mi kò gbọ́ ọ, ọma mi. Ó ń wá ilẹ̀ nígbà yẹn ni.”

Mo gbé àga náà síta, mo dojú rẹ̀ délẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Mo fi ọwọ̀ yẹn sàmì sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìrókò le. Mo ń gbọ́ Abọ́sẹ̀dé nínú ilé tó ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, tó ń tì í, mo sì ń fa ayùn. Ìdí ẹsẹ̀ kan bọ́, ti èkejì bọ́. Ìgbà kan wà tí ọwọ́ mi fẹ́ yá jù, mo bá ara mi wí, mo dín in kù. Nígbà tí mo gbé àga náà padà wọlé, ó ń mì, nítorí ilẹ̀ pálọ̀ náà ga díẹ̀ sí apá pẹpẹ. Mo tún dojú rẹ̀ délẹ̀, mo ha ẹsẹ̀ kan díẹ̀ níbẹ̀, mo gbé e dìde. Kò mì mọ́. Abọ́sẹ̀dé sì ń fa síìpù àpò tó gbẹ̀yìn.

A gbé Ìyá Wòlíì padà sórí àga. Mo tẹ̀ sẹ́yìn dé ara ògiri, mo fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Mo pinnu pé mi ò ní la ẹnu mi, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀.

Wọn ò kánjú. Wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n fà á padà sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n gbá apá àga mú. Wọ́n tẹ ara síwájú. Ìdí wọn kúrò lórí àga, ó dúró níbẹ̀ fún ìgbà tó tó kí ènìyàn mí lẹ́ẹ̀mejì. Abọ́sẹ̀dé na ọwọ́ láìmọ̀, ó sì fà á padà. Ìyá rẹ̀ ń lọ sókè, díẹ̀, díẹ̀, títí wọ́n fi nàró. Wọ́n ṣe aṣọ wọn dáadáa. Wọ́n rìn lọ síbi pẹpẹ, wọ́n tan àbẹ́là.

Ẹkún gbọ̀n mí. Kí n má tan yín, mo sunkún.

Abọ́sẹ̀dé jókòó sórí àga tí ìyá rẹ̀ dìde kúrò, ó fi ọwọ́ bo ojú. Ó ní, “Ìyé, mi ò fẹ́ mú yín lọ tipátipá. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí fóònù bá ti dún ní kíláàsì, àyà mi á já. Òórùn ẹ̀wà yẹn kò tíì kúrò nímú mi.”

Ìyá Wòlíì padà wá, wọ́n fi orí rẹ̀ ti ikùn wọn. “Mo mọ̀,” wọ́n ní. “Mo mọ̀, ọma mi. Ó yá, dìde, kí a máa lọ, kí ọkọ̀ má baà tán.”

Abọ́sẹ̀dé gbójú sókè. “Kí a lọ síbo? Ṣebí ẹ ti dìde.”

“Mo ti dìde, ìyẹn ni mo ṣe lè lọ. Bí o bá gbé mi lọ, ẹrù ni mí. Bí mo bá fẹsẹ̀ mi lọ, àlejò ni mí, àlejò a sì máa padà sílé. Ọ̀sẹ̀ méjì.” Wọ́n mú ọwọ̀ ìgbálẹ̀ tí mo gbàgbé sórí bẹ́ńṣì, wọ́n fi sínú Bíbélì wọn, orí rẹ̀ yọ síta. “Èyí ni kí o fi han káfíńtà Ìbàdàn. Kí àga kan wà ní ilé rẹ tí mo lè dìde lórí rẹ̀. Sọ fún un pé láìwọ bàtà ni o.”

Ẹ ò ní gbà gbọ́ ẹni tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, Màmúdù ọmọ Mùhámádù ló ń ṣílẹ̀kùn ilé àdúrà aláṣọ funfun láràárọ̀. Hàwáù yọ mí lẹ́nu dé góńgó, ó ní ìgbà wo ni mo máa rán aṣọ funfun tèmi. Mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà lóde, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà àwọn ènìyàn, títí wọ́n fi máa gbàdúrà tán. Mo sì ń yẹ ẹsẹ̀ àga wò lójoojúmọ́. Ikán kò dé ibẹ̀.

Sátidé tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò tètè dé nítorí iṣẹ́ kan. Nígbà tí mo fi dé ilé náà, ilẹ̀kùn ti ṣí, bàtà dúdú wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo bọ́ tèmi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo wọlé. Ìyá Wòlíì wà lórí àga wọn, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn kan ilẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n gbá apá àga mú.

Mo sáré dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Háà, Ìyá, ẹ jókòó! Èmi kọ́ ni àgbà ń dìde fún!”

“Dákẹ́,” wọ́n ní, wọ́n sì ti ń gòkè bọ̀. “Jẹ́ kí n dìde.”